Bàtà Tí Kò Mọ Ilẹ̀

Ìsàlẹ̀ bàtà bàbá mi kò mọ ilẹ̀ Ìfànyìn. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí gba ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe sọ ọ́, nítorí n kò fi ṣe àwàdà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá mi fi ní bàtà awọ yẹn, tó sì ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ erùpẹ̀ pupa ìlú wa kò kàn án lábẹ́ rí.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, yóò wọ kóòtù, yóò de táì, yóò sì ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ sílípáàsì rọ́bà tí okùn rẹ̀ ti gbó. Bàtà á wà nínú àpò funfun kan tí ìyá mi fi aṣọ ìkélé àtijọ́ rán fún un. Yóò fi àpò náà há abíyá bí ẹni ń gbé adìyẹ lọ sọ́jà. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀, yóò jókòó lórí pèpéle, yóò bu omi nínú garawa tí wọ́n ń gbé síbẹ̀ fún àwọn tó ti Bánígbé àti Ṣáàdá rìn wá, yóò fọ ẹsẹ̀, yóò nù ún gbẹ, yóò wọ ìbọ̀sẹ̀, kó tó wá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ náà ń gbé bàtà lọ́wọ́. Àṣà wa ni, kò sí ẹni tó ń fi bàtà ọjọ́ Ìsinmi tẹ ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn. Ilé tiwa kò jìnnà rárá. Ẹni tó bá sín nínú àgbàlá wa, àlùfáà lè kí i pẹ̀lẹ́ láti orí àga ìwàásù.

Ìyá mi a máa sọ pé, "Bàtà ló yẹ kó gbé ènìyàn. Ẹ̀yin nìkan ni mo rí tí ẹ ń gbé bàtà."

Bàbá mi a ní, "Mo gbé e lónìí, kó lè gbé mi lọ́la."

Tísà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi títí ó fi fẹ̀yìntì. Àwọn ènìyàn ń pè é ní Agbébàtà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó kọ́ mi ní ìtọ́jú bàtà náà bí àwọn bàbá mìíràn ṣe ń kọ́ ọmọ wọn ní bí a ṣe ń gbin àgbàdo. Ó ní awọ ìsàlẹ̀ bàtà máa ń mu omi, tó bá sì ti mu ún, á wú, á já òwú tí wọ́n fi rán an. Ó ní a kì í sá a sóòrùn, torí á gbẹ, á sì là. Ó ní a kì í wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra, ó yẹ kó sinmi bí ẹran tó fa nǹkan. Tó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á ká ìwé ìròyìn kó sínú rẹ̀, á kán àdín sórí àkísà, ẹ̀kán kan péré, á fi nu ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé imú. Lẹ́yìn náà á yí i sókè kí n wò ó. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú epo. Ó jọ̀lọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́.

Mo rò nígbà náà pé ìmọ́tótó ni gbogbo rẹ̀. Mo tún rò pé bàbá mi kàn fẹ́ràn ohun tó dára ni. Mo ń sọ èyí nítorí pé mo pẹ́ púpọ̀ kí n tó mọ̀ pé n kò mọ nǹkan kan.

Mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú jọ́gíráfì ní yunifásítì. Mo mọ orúkọ oríṣiríṣi ilẹ̀ àti ohun tó mú kí ilẹ̀ tiwa pọ́n. Nígbà tí mo kàwé tán, mo padà sílé láti dúró de iṣẹ́, ọdún mẹ́ta sì kọjá. Mo rí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ní iwájú méérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú wa, níbi tí mo ń bá àwọn ènìyàn to dosíè, àkópọ̀ ìwé ẹ̀rí wọn, fún kọ́ńkúù, ìyẹn àwọn ìdánwò tí ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ fi ń gba ènìyàn síṣẹ́. Mo mọ bí lẹ́tà ṣe gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, mo mọ ibi tí wọ́n ń lẹ fọ́tò mọ́, mo mọ irú páálí tí wọ́n ń kó ìwé sí. Àwọn tí mo to dosíè fún ti níṣẹ́. Àwọn kan lára wọn máa ń ju ọwọ́ sí mi láti orí alùpùpù wọn.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìbẹ̀rù tó wà nínú mi, nítorí kì í ṣe ìbẹ̀rù ebi. Oúnjẹ wà nílé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìgbà tí ẹnì kan bá pàdé bàbá mi lójú ọ̀nà tó sì béèrè pé, "Tísà, ọmọ yín ńkọ́?" Bàbá mi á dáhùn pé, "Ó ń dúró de èsì." Ọdún mẹ́ta gbáko, ìdáhùn kan náà, ohùn kan náà. Tí mo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá wolẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi fúnra mi ni èsì tí kò jáde.

Nígbà náà ni mo yege ìdánwò alákọsílẹ̀ fún iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan ní Àjàṣẹ́, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa. Wọ́n ní kí n wá fún ìbéèrè ojúkojú. Bàbá mi kò pariwo. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú ní àkókò yẹn, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí dáadáa. Ó ní kí ìyá mi bá òun gbé àpò bàtà wá. Ó yọ bàtà náà jáde, ó fi àtàǹpàkò ra ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ òsì, ó ra ti ọ̀tún, ó sì nà án sí mi.

"Wọ̀ ọ́."

"Bàbá, bàtà yín nìyí."

"Mo mọ̀. Èmi kò lọ síbi kankan mọ́."

Mo wọ̀ ọ́ lórí ẹní. Ó bá mi mu bíi pé wọ́n wọn ẹsẹ̀ mi kí wọ́n tó rán an. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. N kò fẹ́ gbé ẹsẹ̀. Bàbá mi tẹ́tí, kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó ní, "Àjàṣẹ́ kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Títì wà níbẹ̀, òkúta wà níbẹ̀. Gbé e lọ fún aránbàtà tó ń jókòó ní Ìgòló, kó fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ha awọ yẹn, kò sì gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ọn. Tí o bá níṣẹ́, tí o ra tìrẹ, ká ṣí rọ́bà náà kúrò, kí n bá awọ mi bí mo ṣe fi í sílẹ̀."

Aránbàtà náà ń sọdá ẹnubodè láti Ìdí-Ìrókò ní àràárọ̀ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lórí. Ó jókòó sábẹ́ agboòrùn, nítòsí àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Mo kí i, mo gbé àpò fún un. Ó yọ bàtà kan, ó yí i sókè.

"Ta ló ni bàtà yìí?"

"Bàbá mi ni. Tísà ni wọ́n ní Ìfànyìn."

"Ṣé wọn ò lẹ́sẹ̀ ni?"

Àwọn tó ń ṣẹ́ owó bú sẹ́rìn-ín. Mo ní wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n ń tọ́jú bàtà ni. Ó béèrè ọdún mélòó. Mo sọ fún un.

"Ọdún mọ́kàndínlógún, kò tíì mọ ilẹ̀. Ẹ wá wò ó o, ẹ̀yin ará ibí, bàtà wúńdíá rèé." Ó gbé e sókè kí wọ́n rí i. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra awọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì rí i pé ó mọyì rẹ̀. "Iṣẹ́ àgbà ni wọ́n ṣe síbí. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe sí i?"

Mo ní kó fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó nísàlẹ̀. Ó mi orí.

"Ó rọrùn. Màá kọ́kọ́ ha á. Màá kun gọ́ọ̀mù, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, màá tún kun ún, ká tó gbé rọ́bà lé e, màá sì rán etí rẹ̀ yípo. Ẹ lè fi rìn dé Kútọnu."

"Ẹ má ha á, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má rán an."

"Kí lo wí?"

"Bàbá mi ní kò gbọdọ̀ ní ọgbẹ́."

Ó gbé bàtà náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọmọ tísà, gbọ́. Gọ́ọ̀mù kì í di ohun tó ń dán mú. Awọ yìí gbọ́dọ̀ rí ṣákiṣàki bí ahọ́n màlúù kí gọ́ọ̀mù tó ríbi dì mú. Ṣé wọ́n máa ń rẹ́ ògiri tí wọn ò ṣá?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Mo sọ fún un nípa garawa omi, nípa àdín, nípa ojú bàbá mi tó ń ṣú àti àtàǹpàkò rẹ̀ tó fi ń ríran báyìí. Mo sọ fún un pé bí bàbá mi bá fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ha, á mọ̀, á sì dùn ún, ìdùnnú rẹ̀ nípa ìdánwò mi á sì bàjẹ́. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí. Bóyá òun nìkan ló gbọ́ mi parí nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ó ní, "Ìwé tí o kà ti pọ̀ jù. Ó dáa. Màá lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣí, má sọ pé èmi ni mo lẹ̀ ẹ́."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Èyí ló ń dùn mí jù. Tí mo bá jẹ́ òmùgọ̀, ó yàtọ̀. Mo mọ̀, mo rí i kedere, mo sì jẹ́ kó lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ kí bàbá mi rí awọ rẹ̀ gbà padà.

Ní ọjọ́ ìbéèrè náà, mo wọ sílípáàsì jáde nílé, mo fi àpò funfun há abíyá. Mo gun sẹ́mì, alùpùpù akérò, dé Ìgòló, mo wọ tákísí dé Àjàṣẹ́, n kò sì yọ bàtà náà títí mo fi dé ẹnu géètì. Mo jókòó lórí etí gọ́tà, mo já omi inú ọ̀rá, mo fọ ẹsẹ̀ mi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tò síbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó wà nínú ìlà wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibí ni wọ́n ti ń kírun ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé fún un. Kí n tó dé ibi àdín, ó ti kọjú síbòmíràn.

Kò sí àga níta, kò sí igi. A dúró lórí sìmẹ́ńtì láti àárọ̀ títí oòrùn fi wà ní àárín orí. Sìmẹ́ńtì náà gbóná débi pé mo ń mọ̀ ọ́n lára nínú bàtà. Mò ń ka ohun tí mo há sórí lábẹ́ èémí: ẹni tí mo jẹ́, ohun tí mo kọ́, ìdí tí mo fi yẹ. Mo ti há a fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí gun àtẹ̀gùn, ní ìgbésẹ̀ kẹrin mo gbọ́ "pá."

Mo wolẹ̀. Rọ́bà ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ṣí níwájú, ó là bí ẹnu ẹja. Mo gbé ẹsẹ̀, ó ní "pá." N kò lè padà, ẹni tó ń pè wá dúró lókè ó ń wò mí. Mo fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bí arọ dé inú yàrá náà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ táìlì, ó ń dún ju àtẹ̀gùn lọ.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó lẹ́yìn tábìlì, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan tó wà láàárín. Gbogbo wọn ti wo ẹsẹ̀ mi kí wọ́n tó wo ojú mi. Obìnrin náà ní kí n jókòó, ó sì fi Faransé béèrè pé kí n sọ nípa ara mi fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé wọn á máa wò mí bí ẹni tí kì í tọ́jú nǹkan. Iṣẹ́ akọ̀wé ni, ìwé àwọn ènìyàn ni wọ́n fẹ́ fi sí mi lọ́wọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ mú èrò yẹn kúrò lọ́kàn wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, kí n ṣàlàyé bàtà yìí díẹ̀." Mo sì ṣàlàyé. Mo sọ ti ọdún mọ́kàndínlógún. Mo sọ ti awọ tó ń mu omi. Mo sọ ìdí tí aránbàtà fi fẹ́ ha á àti ìdí tí mo fi kọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ń kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Mo rí i, n kò sì lè dúró, ṣe ni mo ń sáré sọ ọ́ kí n lè dé òpin.

Obìnrin náà ṣàánú mi, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, a ti gbọ́ ti bàtà. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

Mo la ẹnu. Mo wá ohun tí mo há sórí, n kò rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ní mo kàwé jọ́gíráfì. Mo ní Ìfànyìn ni mo ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan mìíràn. Ọkùnrin kejì wo aago.

Nígbà tí mo dìde, rọ́bà ẹsẹ̀ méjèèjì kù sórí táìlì pátápátá. Gọ́ọ̀mù tó kù lábẹ́ bàtà ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń dún bí ẹni ń ya ìwé. Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn nígbà tí obìnrin náà sọ pé, "Ẹ má gbàgbé rọ́bà yín." Mo padà wá ṣà á.

Inú tákísí ni mo ti rántí pé n kò bọ́ bàtà. Mo ti fi rìn láti géètì dé ibùdókọ̀, lórí iyanrìn, lórí òkúta wẹ́wẹ́, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé orúnkún. Iyanrìn Àjàṣẹ́ ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹja tí wọ́n yí ní ìyẹ̀fun.

Mo gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Mo da epo bẹntiróòlù sórí àkísà, mo ń nù ún, gọ́ọ̀mù náà ń yí, kò ṣí. Mo mú abẹ ìfárí, mo ń fi ha á díẹ̀díẹ̀. Ohun tí n kò jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe, èmi tí n kò mọ̀ ọ́n ń ṣe é fúnra mi. Abẹ yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọ inú awọ, ó gé e tààrà ní ibi tí ìka ńlá máa ń tẹ̀.

Bàbá mi pè láti inú ilé pé, "Ṣé o ti dé? Gbé e wá kí n wò ó."

Mo gbé e fún un. Àtàǹpàkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti gìgísẹ̀, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó dé ibi ọgbẹ́ náà, ó dúró.

"Kí nìyí?"

"Òkúta ni, Bàbá."

"Òkúta kì í gé nǹkan tààrà."

Ó gbé àtàǹpàkò kúrò lórí ọgbẹ́ náà, ó béèrè pé, "Ìbéèrè yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Ó lọ dáadáa."

Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọjá lórí irọ́ yẹn. Tí wọ́n bá bi bàbá mi léèrè mi, ìdáhùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ti ń sọ pé, "Ó ti dé ẹnu ọ̀nà wọn." Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń fẹ́ sọ òtítọ́, àmọ́ n kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ tí kò ní jẹ́ láti orí bàtà.

Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n bá òun tẹ ìwé kan tó wà nínú fóònù òun jáde. Orúkọ àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà ṣì gbóná lọ́wọ́ mi nígbà tí mo kà á tán. Orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀, tèmi kò sí. Mo kí i kú oríire, mo sì bá a fi sínú àpò ìwé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Ìyá mi ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bàtà náà wà lórí itan bàbá mi, torí àsìkò tó máa ń fi àdín nù ún ni. Mo sọ ti aránbàtà, ti àtẹ̀gùn, ti obìnrin yẹn, ti abẹ. Mo rò pé ó máa bínú nítorí irọ́ tí mo pa. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó bínú.

Ó ní, "Ṣé o mọ ìdí tí mo fi rà á?"

"Ẹ ní fún ọjọ́ ńlá."

"Wọ́n ní wọ́n máa fi mí ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Alábẹ̀wò fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ sí mi létí. Mo lọ sí Àjàṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, mo rà á, pé òun ni màá wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi mí han àwọn ọmọ. Nígbà tí ìwé dé, orúkọ ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀. Mo ní kò burú, ó ṣì ń bọ̀. Mo wá ń tọ́jú rẹ̀ dè é."

"Ṣé wọ́n tún pè yín?"

"Mo fẹ̀yìntì."

Ìyá mi ò dáwọ́ dúró lórí ìrẹsì. Mo mọ̀ nígbà náà pé ó ti mọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, pé ẹ̀fẹ̀ tó ń ṣe nípa ẹni tó ń gbé bàtà, ó ń fi bo nǹkan ni. Mo rántí garawa omi ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bó ṣe máa ń nu àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ti bàtà náà sọ́dọ̀ mi. "Máa wọ̀ ọ́."

"Lọ síbo?"

"Síbi tí o bá ń lọ."

Ìyá mi sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, kò sì gbé ojú sókè. Ó ní, "Wọn á wá orúkọ tuntun fún wa nínú ìlú."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní ojoojúmọ́. Mo kọ́kọ́ ń yẹra fún òkúta, mo ń fò lórí ibi tí ilẹ̀ bá tutù. Nígbà tó yá mo jáwọ́. Ilẹ̀ wa kì í jẹ awọ kánkán, ó ń lá a ni. Ìsàlẹ̀ bàtà náà pọ́n, kò sì sí àdín tó lè mú àwọ̀ àkàrà yẹn padà. Òjò àkọ́kọ́ bá a ní iwájú méérì, ó wú, òwú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí já ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á ní kí n gbé e wá. Á fi àtàǹpàkò ra á láti gìgísẹ̀ dé imú, á mi orí bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn, á sì fún mi padà. Kò bi mí léèrè iṣẹ́ mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè mi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ó wà níbẹ̀ yẹn." Mi ò mọ èwo nínú àwọn ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dùn mí jù, ṣùgbọ́n mo rò pé èyí ni.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí òjò tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, abẹ́ ìka ńlá ẹsẹ̀ ọ̀tún ti fẹ́lẹ́ bí ewé, ibi tí mo fi abẹ gé gan-an ló sì kọ́kọ́ lu. Mo gbé e lọ sí Ìgòló. Aránbàtà náà mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀.

"Ọmọ tísà. Ó ti wá mọ ilẹ̀ báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ha á. Ẹ ha á bí ẹ ṣe fẹ́, kí ẹ fi rọ́bà sí i."

Ó tẹ awọ náà, ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ sí òdìkejì. "Kí ni kí n ha? Kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Ẹ fi ìsàlẹ̀ tuntun sí i ńkọ́?"

Ó fi ìka fa etí bàtà níbi tí òwú ti já. Awọ òkè náà ya díẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ kíá. "Omi ti jẹ etí rẹ̀. Tí mo bá fi abẹ́rẹ́ kàn án, á ya dé òkè. Ìgbà tí mo fẹ́ bá ọ ṣe é, o ò jẹ́ kí n ṣe é." Kò sọ ọ́ bí ẹni ń dá mi lẹ́bi. Ó fi àkísà nù ún dáadáa, ó kun síráàsì tó ń mú bàtà dán sí i lójú, bíi pé ó ń múra òkú, ó sì kọ̀ láti gba nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kọ́ńkúù mìíràn ti ṣí. Mo ti ra páálí dosíè méjì, mo sì ti kọ orúkọ mi sára méjèèjì, nítorí mo máa ń ṣì í kọ tó bá jẹ́ tèmi, mo sì máa ń fẹ́ ní èyí tí màá fi rọ́pò. Ọ̀kan nínú wọn ni mo kó ìwé mi sí, mo fi ránṣẹ́, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo gbé bàtà lé èkejì, mo fi bírò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ po, mo gé e, mo sì tẹ́ ẹ sínú bàtà kó lè dí ihò náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi gba bàtà náà. Ó ra ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó dé ibi ihò, ìka rẹ̀ wọlé, ó kan ohun tó le. Ó ki ọwọ́ bọ inú bàtà, ó tẹ̀ ẹ́ láti òkè.

"Kí lo fi síbí?"

"Páálí dosíè ni, Bàbá."

"Páálí máa ń mu omi."

"Mo mọ̀."

"Ojú ọ̀run ńkọ́?"

"Ó ti ṣú."

Ó fa ìwé ìròyìn kan yọ lábẹ́ àga rẹ̀, ó ká a, ó fi kún inú bàtà ọ̀tún, ó ká òmíràn, ó fi kún ti òsì, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí imú rẹ̀ má baà wó, ó sì nà án sí mi kí n gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà.